Òpó Irin Mẹ́sàn-án ní Kamina: Ogun Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Pín Tógò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Atakpamé, ìlú kan ní Tógò. Ẹni tó bá ti Èkó lọ síbẹ̀ yóò kọjá Kútọnu, yóò dé Lomé, yóò wá dorí kọ òkè. Bó bá wọ ọjà ibẹ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò gbọ́ èdè kan tó máa dà bí èdè ilé létí rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa pè wọ́n ní Ana. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ìtàn àjèjì ni mo gbé wá. Nítòsí ìlú àwọn èèyàn wa ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ibi tí mò ń wí ni Kamina. Àwọn Jámánì ri òpó irin gíga mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ sí ìdí wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì sí Nauen nítòsí Berlin. Ọ̀nà náà ju 5,000 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó wà lórí òkun ńlá náà ń gbọ́ àṣẹ láti ibẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tí ogun àgbáyé kìíní fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914.

Ọgbọ̀n ọdún péré ni Jámánì ti lò ní Tógò nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn èèyàn ọba Mlapa ti abúlé kan tó wà létí ọ̀sà. Tógò ni orúkọ abúlé náà. Orúkọ abúlé ni wọ́n fi wá sọ gbogbo ilẹ̀ náà, títí dé òkè níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ abúlé yẹn rí.

Gómìnà Jámánì ò ní ọmọ ogun ní Tógò, ọlọ́pàá nìkan ló ní. Von Doering tó ń di ipò gómìnà mú wá tẹ wáyà sí Gẹ̀ẹ́sì ní Accra àti sí Faransé ní Dàhòmì (Benin òde òní), ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ yìí jókòó jẹ́ẹ́, kí àwọn òyìnbó parí ìjà wọn ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Wọn ò gbà. Gẹ̀ẹ́sì ti gé okùn wáyà tí Jámánì tẹ́ sí abẹ́ òkun, Kamina ló wá kù tó lè gbé ohùn rẹ̀ jìnnà. Dandan ni kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Gbogbo ohun tó gbé ogun náà dé Tógò nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn. Wọn ò tìtorí ará Tógò kankan gbé ìbọn.

Faransé gba Aného, ìlú kan létí òkun. Gẹ̀ẹ́sì wọ Lomé láìsí ìjà, nítorí àwọn Jámánì ti kó ara wọn gba ọ̀nà reluwé lọ sókè láti dáàbò bo Kamina. Ọmọ ogun dúdú kan láti Góòlù Kóòsì (Gánà òde òní), Alhaji Grunshi, ni wọ́n kà sí ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn nínú gbogbo ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jà lórí ilẹ̀ nínú ogun yẹn. Ilẹ̀ Tógò ló ti yìn ín.

Ibi tí ìjà ti le ni odò Chra. Jámánì ti fọ́ afárá reluwé tó wà lórí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò sí òdì kejì, wọ́n gbé ìbọn arọ̀jò-ọta sínú wọn, wọ́n wá ń retí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé rọ́ lu àwọn kòtò yẹn, wọn ò rí wọn gbà. Ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Thompson, kú síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun dúdú Faransé tó ń darí. Ìtẹ́ òkú wọn wà ní Wahala lẹ́bàá ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, Wahala, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ yẹn. Àwọn Jámánì máa ń kó àwọn tí wọ́n bá dá lẹ́bi lọ tẹ̀dó sí àgbègbè yẹn láti ṣiṣẹ́ àṣekára, àwọn èèyàn náà ò sì nílò òyìnbó láti bá wọn wá orúkọ.

Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú 25, ìró ohun tó ń bú gbàmù ni wọ́n gbọ́ láti Kamina. Àwọn Jámánì fúnra wọn ló ń wó òpó wọn. Ní ọjọ́ 26, wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Ogun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta parí.

Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ni ilẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì di Lomé mú, Faransé ní àwọn náà fẹ́ etí òkun. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 1919, mínísítà méjì, Milner ti Gẹ̀ẹ́sì àti Simon ti Faransé, fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì pín Tógò bí ẹran Iléyá: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fún Faransé, pẹ̀lú Lomé àti gbogbo etí òkun, ìyókù tó fẹ̀gbẹ́ kan Góòlù Kóòsì fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò Lomé, tí Octaviano Olympio wà lára wọn, kọ̀wé pé Gẹ̀ẹ́sì làwọn fẹ́. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ ohun tó dára nínú rẹ̀ náà. Lókè lọ́hùn-ún, ààlà Jámánì àtijọ́ ti pín ilẹ̀ àwọn Dagomba sí méjì, Yendi tí í ṣe ìlú ọba wọn bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Ìlà ọdún 1919 dá wọn padà pọ̀ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ewe ní gúúsù, tí ìlà náà là sí méjì, ni ó wá jẹ̀rora. Kòkó wọn ń hù lápá kan, reluwé tó ń gbé e dé Lomé wà lápá kejì. Lónìí, Lomé tí í ṣe olú-ìlú fẹ̀yìn ti ààlà gan-an ni. Obìnrin tó gbé ẹja gbígbẹ rù láti Aflao ní Gánà fẹsẹ̀ rìn wọ olú-ìlú orílẹ̀-èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbátan rẹ̀ ló fẹ́ lọ tajà fún.

Sylvanus Olympio, olóṣèlú kan ní Tógò, gbé ẹjọ́ àwọn Ewe dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1947. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1956, wọ́n dìbò ní apá Gẹ̀ẹ́sì: 93,095 ní kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Góòlù Kóòsì, 67,492 kọ̀. Àwọn ará òkè ló gbé e wọlé. Ní Ho àti Kpandu, níbi tí Ewe pọ̀ sí, àwọn tó kọ̀ ló pọ̀ jù. Síbẹ̀ gbogbo wọn di ará Gánà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí tó kù gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, 1960, tẹ́ẹ́rẹ́, tóóró bí ọ̀pá, Olympio sì di olórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kan tún wà tí Faransé kó lọ jagun ní Indochina àti Algeria. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n ní kí Olympio gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kékeré tó ní. Ó kọ̀, ó ní kò sówó. Wọ́n ditẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, 1963, ẹ̀bá ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Lomé ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀. Eyadéma wà lára àwọn tó ditẹ̀ náà. Ọmọ ogun Faransé ni tẹ́lẹ̀, ó ti jà ní Indochina, ó ti jà ní Algeria. Láti 1967 ló ti gorí àlééfà, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kú ní 2005.