Òórùn Àjèjì Lára Ọkọ̀ Lẹ́yìn Àtúnṣe Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní Èkó ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti bíréèkì fúnra wọn báyìí, pàápàá ní Mùṣín, Sùúrùlérè àti Yába, níbi tí ọjà Ládípọ̀ kò ti jìnnà, tí èèyàn lè ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ láàárọ̀ kó sì ti dè é kó tó di ọ̀sán. Iṣẹ́ parí, ẹ́ńjìnì jí, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó dé ojú títì, òórùn kan tí kò sí níbẹ̀ lánàá ti gba imú ẹni. Kí ẹ tó tún náwó kankan, ibi tí ọwọ́ yín kàn kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orí ìyẹn ni àlàyé òní dá lé.

Ẹ rántí gbogbo nọ́ọ̀tì tí ẹ tú, gbogbo páìpù tí ẹ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ lè ráàyè wọlé, àti gbogbo wáyà tí ẹ já. Ẹ ka irinṣẹ́ yín, kí ẹ sì ka àkísà yín pẹ̀lú, nítorí àkísà tí a gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín lè gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ kíyè sí àsìkò tí òórùn náà ń jáde: ṣé nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù ni, tàbí lẹ́yìn tó ti gbóná, ṣé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, tàbí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn pípààrọ̀ ọ́ìlì ni òórùn ọ́ìlì tó ń jóná. Nígbà tí a bá tú fíltà, ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ máa ń ṣàn jáde, ó sì lè kán sórí páìpù èéfín. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nígbà tí a bá ń rọ tuntun sí i láìlo àrọ. Èyí tó kàn dà sílẹ̀ yóò jó tán, òórùn rẹ̀ yóò sì máa dínkù bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Bí òórùn náà bá ń le sí i, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì máa jò. Ẹ wo ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, bóyá ẹ dé e padà. Ẹ wo ìdí páànù ọ́ìlì, níbi tí ẹ ti fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Ẹ wá wo ẹnu fíltà dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù máa ń wà: róbà roboto ẹnu fíltà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, bí a bá sì de fíltà tuntun lé e láìmọ̀, róbà méjì ni yóò wà níbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà. Wọn kì yóò dí ẹnu náà bó ṣe yẹ, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ń fi agbára tì yóò sì máa tú jáde títí ẹ́ńjìnì yóò fi nọ́ọ̀kì. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ kí ẹ wò ó, kí ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, kí ẹ sì wo ojú ibi tó kán sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Páálí yẹn sàn fún yín ju kí ẹ máa méfò lọ.

Òórùn dídùn bíi ti ṣúgà ń tọ́ka sí kúláǹtì, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, tó ń jò, tí ẹ bá ti fọwọ́ kan rédíétọ̀ tàbí róbà rẹ̀. Májèlé ni kúláǹtì, nítorí náà ẹ fọ èyí tó dà sílẹ̀ kúrò kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Èkó ló jẹ́ omi lásán ni wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀ wọn, omi kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ojú gééjì ìgbóná ni kí ẹ máa wò, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí omi náà yóò tú jáde lójijì, yóò sì bó èèyàn.

Bó bá jẹ́ epo bẹntiróòlù ni ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnì wò. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni a ti ń ṣí ibi tí pọ́ǹpù epo wà, bí a kò bá sì to róbà rẹ̀ padà dáadáa, òórùn epo yóò máa wọ inú ọkọ̀. Gáàsì tó ń jáde lára epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bá lọ, ó sì lè rìn dé ìdí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yín. Ẹ ti ọkọ̀ náà síta gbangba, jìnnà sí iná. Bí iná bá sọ, ẹ sá kúrò, kí ẹ sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì 767 tàbí 112.

Òórùn ike tàbí wáyà tó ń jóná náà kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì yọ orí bátìrì. Ohun tí mo máa ń bẹ èèyàn lé lórí ni pé kí wọ́n má fi fúyúùsì ámpìa 30 rọ́pò ti ámpìa 10, kí wọ́n má sì fi wáyà so ó pọ̀. Fúyúùsì kékeré máa ń gé kí wáyà má baà gbóná. Bí a bá fi èyí tó tóbi síbẹ̀, wáyà gan-an ni yóò jó.

Bíréèkì tuntun lè rùn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì yẹn ti há, ẹ tú u wò. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ bátìrì sábà máa ń túmọ̀ sí pé iná tó ń wọ bátìrì ti pọ̀ jù; fóòtì 13.5 sí 14.5 ni ó sábà máa ń wà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́.

Àdúgbò yín ni kí ẹ ti dán ọkọ̀ wò. Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà 11, kò sì síbi tó dára láti dúró lórí rẹ̀ bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ.

Bí iṣẹ́ yín bá kan sàlẹ́ńsà tàbí páìpù èéfín, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín, kò ní òórùn rárá, òun ló sì wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn mọ́jú oorun. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn èéfín nínú ọkọ̀, tí orí ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nínú gòsíló Ọ̀yìngbò pẹ̀lú gíláàsì ní títì, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo ẹ̀yin tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ọkọ̀ náà má sì gbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi dí ibi tó ń jò.