Dáníẹ́lì Kò Tijú Láti Béèrè

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:8–17

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ní Adó, ní Ọyẹ́, ní Ìkọ̀lé àti Ìkẹ́rẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀.

A mọ ìtàn Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kó wọn kúrò nílé lọ sí Bábílónì, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n ní kí wọ́n fi ọdún 3 kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Kálídéà. Ìpinnu ọkàn Dáníẹ́lì, pé òun kò ní fi oúnjẹ ọba sọ ara òun di aláìmọ́, la sábà máa ń wàásù lé lórí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 8 dé òpin: nígbà tó pinnu tán, ó bẹ̀bẹ̀. Ó tọ olórí àwọn ìwẹ̀fà lọ, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá náà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ọba ń bà á, kò lè gbà. Dáníẹ́lì kò torí ìyẹn panu mọ́. Ó tún lọ bá ẹni tí wọ́n fi ṣe alábòójútó wọn, ó ní kó fi ọjọ́ 10 dán àwọn wò, kó máa fún àwọn ní ẹ̀fọ́ àti omi nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Èmi gbà pé ìtìjú àtibéèrè ló ń pa ọ̀pọ̀ jáńbáìtì wa, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, lára ju ìwé tó le lọ. Ní ilẹ̀ Èkìtì wa yìí, ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ ń lọ sílé ìwé, gbogbo agboolé á gbàdúrà fún un, ìyá á di èlùbọ́, á di gàrí, á bu epo sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ará àdúgbò á sì ti máa pè é ní dókítà tàbí lọ́yà. Ẹni tí wọ́n ti fi oyè pè kó tó wọlé, báwo ni yóò ṣe sọ pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò yé òun? Màmá á pè é ní yàrá tó háyà ní Ìwòròkò, á ní, "Ṣé dáadáa lo wà?" Á ní, "Dáadáa ni, mà." Bẹ́ẹ̀ gàrí ti tán látọjọ́ Mọ́ńdè, owó ilé ìwé kò tíì pé, kò sì tíì fi fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ mi, yunifásítì kò dà bíi sẹ́kọ́ńdírì. Kò sí agogo tí wọn ó lù fún ọ, kò sí tíṣà tí yóò wá ọ kiri. Ní àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò bíi GST, èrò á kún gbọ̀ngàn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn á gbọ́ ìdajì. Bí o kò bá forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lásìkò, o lè ṣèdánwò kí èsì má jáde. Nítorí náà, wá course adviser rẹ lọ, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ yín sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì. Kọ ìbéèrè rẹ sínú ìwé, kí i dáadáa, sọ ọ́ ní ṣókí. Bí kò bá sí nílé lónìí, padà lọ lọ́la. Bí kò bá ráyè, bi akọ̀wé ẹ̀ka yín, bi ẹni tó ti wà ní ọdún kejì nínú ẹgbẹ́ àdúrà yín. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí o mú owó wá kí òun bá ọ wá máàkì, sá fún un.

Ìwọ tí èsì àkọ́kọ́ bà nínú jẹ́, gbọ́ èyí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, nínú ìṣirò èsì tí wọ́n ń pè ní GPA, 5.00 ni òkè pátápátá, 4.50 sì ni first class, ipò tó ga jù, ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gba 2.00 ní sáà (semester) kìíní, tí o wá gba 4.00 ní sáà kejì, tí iye yúníìtì (ìwọ̀n kọ́ọ̀sì) sáà méjèèjì dọ́gba, 3.00 lo wà yẹn. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọlọ́dún 4 ṣì ní sáà 6 níwájú. Káríófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí o kùnà tí o ní láti tún ṣe, kò pa ènìyàn. Èyí tí o bá fi pamọ́ tí o kò tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò dúró dè ọ́ ní ọdún àṣejáde.

Bí ìbànújẹ́ bá sì pọ̀ débi pé oorun kò kun ojú rẹ mọ́, sọ fún ẹnì kan lónìí yìí, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ yín tàbí àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ilé ìwé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè èsì nìkan. Ẹ bi í pé, "Kí lo jẹ lánàá? Kọ́ọ̀sì wo ló le jù?" Bó bá sọ òótọ́ tó korò, ẹ má kọ́kọ́ jágbe. Ọmọ tí a bá jágbe mọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, ìwọ tí o fún Dáníẹ́lì ní ojúrere lọ́dọ̀ àwọn tó wà nípò, jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ojúrere lónìí ní gbogbo ọ́fíìsì tí wọ́n bá wọ̀. Àmín.

Olúwa, gba ìtìjú lọ́wọ́ wọn. Fún wọn ní ẹnu láti béèrè, kí o sì fi wọ́n pàdé ẹni tí yóò dá wọn lóhùn. Àmín.

Fún wọn ní ọ̀rẹ́ bíi ti Dáníẹ́lì, tí wọn ó jọ gbàdúrà, tí wọn ó jọ kàwé. Má jẹ́ kí wọ́n ṣe alábàápàdé ẹgbẹ́ òkùnkùn. Pa wọ́n mọ́ lórí ọ̀kadà àti nínú ọkọ̀. Àmín.

Ọlọ́run apèsè, ìwọ lo mọ yàrá tí oúnjẹ ti tán láàárọ̀ yìí. Rán olùrànlọ́wọ́ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òbí, kí owó ilé ìwé pé kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀. Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.