Ẹran Inú Òkúta Tó Ti Jámánì Padà Wálé

Ẹ wo ọwọ́ bàbá yìí. Ó gbé irin ẹlẹ́nu tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mejì, òkúta sì là bí ìgbà téèyàn ṣí ìwé. Òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi táìsì ló ń là o, ní agbègbè Cariri, ìpínlẹ̀ Ceará ní Bràsíl. Àmọ́ nígbà míì, ẹja ló máa bá láàárín ẹ̀, tàbí kòkòrò tí iṣan ìyẹ́ rẹ̀ ṣì hàn ketekete.

Ọ̀sà ló wà níbẹ̀ rí, ó ti lé ní mílíọ̀nù lọ́nà 110 ọdún. Ohun tó bá kú sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná á bò ó, ẹrẹ̀ á gan, á di òkúta. Àsìkò yẹn ni Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ń ya kúrò lára ara wọn. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ wa àti tiwọn ti bára tan tipẹ́ kí àwọn Àgùdà tó wá kọ́lé sí Èkó!

Nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí dáínásọ̀ kan, ẹranko ayé àtijọ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju adìẹ lọ, tí nǹkan gígùn bí ọ̀pá yọ ní èjìká rẹ̀. Láti 1942 ni òfin Bràsíl ti sọ pé ìjọba ló ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó dèrò mùsíọ́mù kan ní Karlsruhe, ní Jámánì. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2020, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ubirajara jubatus. Kò sí ọmọ Bràsíl kankan láàárín wọn. Ẹ ń tú ẹrù, ẹ ò pe onílé! Ṣé àjọṣe nìyẹn?

Àwọn onímọ̀ Bràsíl gba orí Twitter lọ, ariwo ta, ìwé náà sì di yíyọ kúrò. Ní 2022, Jámánì gbà láti dá dáínásọ̀ náà padà, ọdún yẹn náà tí wọ́n kó díẹ̀ lára ère idẹ Bìní wá sí Àbújá. Oṣù Kẹfà 2023 ló délé. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

Ìlú Santana do Cariri ló wà báyìí, nínú jíópáàkì Araripe, ìyẹn agbègbè tí òkúta àti ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì sí gbogbo ayé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 2006. Wọn ò mọ odi yí i ká o. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń ṣòwò. UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ló ń fúnni lórúkọ jíópáàkì yẹn, wọ́n sì lè gbà á padà. Lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn onímọ̀ á ti òkèèrè wá yẹ̀ ẹ́ wò, bíi rẹfirí. Káàdì yẹ́lò: ẹ fi ọdún méjì tún un ṣe. Káàdì pupa: ẹ yọ pátákó jíópáàkì yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.