"Ààfáà, ẹ bá wa ṣe é"

Àsàláámù àláékúmù, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a sin bàbá kan ládùúgbò wa. Ọlọ́hun á forí jìn ín. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló bí. Nígbà tí a bo iyẹ̀pẹ̀ tán, mo ní kí àkọ́bí ṣe àdúà fún bàbá rẹ̀. Ó wojú àbúrò rẹ̀, ìyẹn sorí kọ́. Ló bá ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́: "Ààfáà, ẹ bá wa ṣe é." Mo dá owó náà padà, mo ṣe àdúà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ yìí lọ ilé kéwú o! Wọn ò kàn bá àdúà nínú ilé ni.

Ẹ wo bí Ànábì ṣe kọ́ ọmọ tirẹ̀ nínú ilé. Fátímà, ọmọ Ànábì, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ọkà títí ọlọ fi da àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láàmú. Ó gbọ́ pé wọ́n kó ẹrú wá fún bàbá òun, ó lọ tọrọ ọ̀kan. Kò bá a nílé, ó rò ó fún Áíṣà, ó padà. Òun àti Àlí ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ lóru nígbà tí Ànábì wọlé. Wọ́n fẹ́ dìde, ó ní kí wọ́n má dìde. Ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Àlí ní òun mọ ìtutù ẹsẹ̀ rẹ̀ láyà òun. Ànábì ní, "Ṣé kí n kọ́ yín ní ohun tó dára ju èyí tí ẹ tọrọ lọ?" Bí ẹ bá fẹ́ sùn: Súbúhánalláhì 33, Alihamudulilai 33, Allāhu Akbar 34.

Àlí kò fi í sílẹ̀ mọ́. Wọ́n bi í pé, lóru ogun Sífínì, ogun ńlá tí òun fúnra rẹ̀ jà, ńkọ́? Ó ní lóru ogun Sífínì náà.

Ogun nìyẹn. Ìwọ, kí ló ń bá ọ jà lórí bẹ́ẹ̀dì ju fóònù lọ? Ọmọ ọdún márùn-ún rẹ mọ gbogbo ijó TikTok, kò mọ Bísímílà ìdí oúnjẹ. Ànábì ní bí èèyàn bá wọlé láìdárúkọ Ọlọ́hun, Ṣàítánì á ní òun ti ríbi sùn. Bó bá jẹun láìdárúkọ Rẹ̀, á ní òun ti rí oúnjẹ alẹ́. Baálé ilé, ta lò ń sanwó ilé fún? Ta lò ń bọ́ lálaalẹ́? "Ẹ ṣọ́ ara yín àti ará ilé yín kúrò níbi Iná" ni Ọlọ́hun wí. Ìwọ ló ń bá wí, kì í ṣe ààfáà rẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́. Nílé tiwa, oríkèé ìka àbígbẹ̀yìn wa ni ìyá rẹ̀ fi ń kà á. Lálẹ́ àná, ó ti sùn lọ kí a tó dórí Allāhu Akbar kẹwàá. Ìyá rẹ̀ ò ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ka ìyókù.