Bí mo ṣe ń lọ́ igi ápù Bramley

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òtútù ọgbà yìí kò ṣe é fi ṣeré, ẹ jẹ́ ká yára.

Ẹ̀ka Bramley rèé. Oṣù kìíní ni mo gé e nígbà tí igi ń sùn, mo wé e sínú ọ̀rá, mo tì í sínú fíríìjì. Èyí tó wà nínú ìkòkò yìí ni ìdí igi tó ní gbòǹgbò tí mo rà, oríṣi tí wọ́n ń pè ní MM106. A fẹ́ so wọ́n pọ̀.

Ọ̀bẹ! Ẹ bá mi pọ́n ọ̀bẹ yín dáadáa. Ẹ gé ẹ̀ka náà kó dagẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ búrẹ́dì! Ọrùn ọwọ́ á le, apá lódindi lẹ máa fà. Ṣé ẹ rí i? Ó ń dán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdí igi náà, kí ẹ wá gé ahọ́n kékeré sí méjèèjì kí wọ́n lè há mọ́ra.

Ẹnìkan kọ̀wé pé òun ti gbin kóró Bramley, òun ń retí Bramley. Háà! Wọ́n ní ohun tí a bá gbìn la ó ká. Ápù ò gbọ́ òwe yẹn. Kóró ni Mary Ann Brailsford náà gbìn ní Southwell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1809, ohun tó hù sì jẹ́ ápù tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Nígbà tó yá, alápatà kan, Matthew Bramley, ra ilé tí igi náà wà. Lọ́dún 1856, Henry Merryweather, ẹni tó ń gbin igi tà, wá tọrọ ẹ̀ka. Bramley gbà, àmọ́ ó ní orúkọ òun ni wọ́n máa fi pe ápù náà. Obìnrin gbìn ín, alápatà gba orúkọ! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ padà síbí. Awọ tútù abẹ́ èèpo gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Bí ẹ̀ka bá tín-ín-rín jù, ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má fi sáàárín. Ẹ fi téèpù wé e pinpin. Mẹ́wàá ni mo lọ́ lọ́dún tó kọjá, mẹ́sàn-án yè. Ajá ló hú ìkẹwàá.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó Bramley kò wúlò fún igi míì, nítorí náà ẹ gbin oríṣi ápù méjì míì tó ń tanná lásìkò kan náà sítòsí: wọ́n á fún un ní lẹ́búlẹ́bú kó lè so, wọ́n á sì fún ara wọn. Ẹ má sì gé e jẹ lásán o, ó kan! Ẹ sè é, ó máa hó di fùkẹ̀fùkẹ̀.

Ẹ so páálí orúkọ mọ́ ọn. Tèmi rèé: «Mary Ann».