Bẹ́ǹṣì Ẹlẹ́ni Mẹ́ta: Ohun Tó Ń Gbé Owó Agbábọ́ọ̀lù Sókè Sódò Nínú SuperCoach

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́bọ̀ la wà, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Melbourne níbí, àwọn ẹgbẹ́ sì ti ń kéde àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Ẹ ti ṣí SuperCoach sórí fóònù, eré tí a ti ń fi owó inú eré ra àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi, tí bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù sí lópin ọ̀sẹ̀ ń fún wa ní póìntì. Ẹ ti rí agbábọ́ọ̀lù kan tí àròpín póìntì eré mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 120, owó rẹ̀ ti ń gun òkè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì fẹ́ tètè rà á kó tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìka yín kúrò lórí fóònù yẹn. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń yan kápútẹ́nì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n fún kálukú wa, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi í ra gbogbo àgbà agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹgbẹ́ 18 tó ń gbá AFL, ìdíje bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ Ọsirélíà. Owó yẹn gbọ́dọ̀ bí owó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi jù rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí mo rà kó 100, owó rẹ̀ já. Ọ̀rẹ́ mi ra ọmọ kan tó kó 40, owó tiẹ̀ lọ sókè. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn?" Kì í ṣe ojúsàájú rárá. Ìṣirò ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín lè ṣe é lórí.

Ẹ wo páálí yìí, mo ń fi bíró kọ ọ́. Owó tuntun agbábọ́ọ̀lù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ wá láti inú owó àtijọ́. Ìdá kan tó kù, eré mẹ́ta tó gbá kẹ́yìn ló ń sọ ọ́. Wọ́n á mú àròpín eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á fi nọ́ńbà kan tí a ń pè ní magic number sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á wá mú ìdá mẹ́rin ohun tó bá jáde. Magic number yìí máa ń lé díẹ̀ ní 5,000, ó sì máa ń yí bí sáà ṣe ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹ lè bá mi ṣírò láìwá ẹ̀rọ, nítorí náà 5,000 gan-an ni màá lò.

Ó yá. Agbábọ́ọ̀lù kan wà ní dọ́là 500,000. Pín in sí ọ̀nà 5,000, ó di 100. Ìyẹn ni pé owó rẹ̀ ń sọ fún yín pé, "Ẹni 100 ni mí." Ó wá gbá eré mẹ́ta, ó kó 100, ó tún kó 100, ó wá kó 160. Àròpín: 120. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó àtijọ́ jẹ́ 375,000. Àròpín 120 lọ́nà 5,000 jẹ́ 600,000, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 150,000. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 525,000. Ó ti fi 25,000 lé e. Ó dùn, àbí?

Ibí yìí gan-an ni gbogbo yín ti ń ṣìnà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Ẹni mẹ́ta péré ló gbà. Tí ẹni tuntun bá dé tó fẹ́ jókòó, ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ á dìde, á wọlé lọ gẹ irun. Eré mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣírò owó náà, bẹ́ǹṣì nìyẹn. Bí eré tuntun bá ti ń jókòó, eré kan ń dìde. Gbogbo ayé ló ń wo ẹni tó ń jókòó. Ẹ̀yin, ẸNI TÓ Ń DÌDE NI KÍ Ẹ WÒ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó 100. Ẹni tó dìde jẹ́ 100, ẹni tó jókòó jẹ́ 100, kò sí ohun tó yí lórí bẹ́ǹṣì, àròpín ṣì jẹ́ 120. Owó rẹ̀ di nǹkan bíi 544,000. Ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, ó kó 100 mìíràn. Bẹ́ǹṣì: 160, 100, 100. Owó rẹ̀ di nǹkan bíi 558,000. Àkókò yìí gan-an ni ariwo rẹ̀ gba ìgboro. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń gun òkè! Àròpín 120! Àwọn èèyàn ń sáré rà á.

Àmọ́ ta ló kàn láti dìde? 160. Ẹni tó fa gbogbo owó yẹn ló fẹ́ dìde lọ gẹ irun. Ọkùnrin wa tún gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe ń gbá a, ó kó 100. Bẹ́ǹṣì di 100, 100, 100. Owó rẹ̀ já sí nǹkan bíi 543,000. Kò gbá bọ́ọ̀lù burúkú. Ara rẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni 100 ló jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ra ẹni 100 ní owó ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni breakeven ti wọlé. Nọ́ńbà kékeré yẹn tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, òun ni iye tí agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kó nínú eré tó ń bọ̀ kí owó rẹ̀ má bàa kúrò lójú kan. Ẹ pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà 5,000, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, ẹ yọ méjì tó máa ṣẹ́ kù lórí bẹ́ǹṣì kúrò. Ó parí. Ọkùnrin wa nígbà tó wà ní 558,000? Breakeven rẹ̀ jẹ́ 135. Ẹni 100 tí wọ́n ń bi léèrè 135! Ẹni tó ra á lọ́sẹ̀ yẹn, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i tí owó rẹ̀ ń jò.

Màmá mi ta tòmátì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá dé ọjà láàárọ̀, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn dírẹ́bà tó ń já ẹrù ni wọ́n máa ń lọ bá. "Ọkọ̀ mélòó ló wà lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà?" Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ mẹ́fà ń bọ̀ láti Òkè Ọya, màmá mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó. Àwọn ló kọ́ mi pé ọjà àná ló fi owó tòní lélẹ̀, ohun tó wà lójú ọ̀nà ló máa fi tọ̀la lélẹ̀. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi níbí gbá eré yìí, tí mo sì gbọ́ ìtumọ̀ breakeven nígbà àkọ́kọ́, màmá mi ni mo rántí, tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ wọn. Mo pè wọ́n lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká yí páálí síhà kejì, nítorí pé ibí lèrè wà.

Àgbà agbábọ́ọ̀lù kan wà ní 600,000. Ẹni 120 ni, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kan ó gbá ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ eré, iṣan ẹsẹ̀ fà á, ó jáde. Ó kó 15. Bẹ́ǹṣì: 120, 120, 15. Owó rẹ̀ já sí 556,000, gbogbo èèyàn ń tà á. Ẹ gbọ́ o, eré ni bẹ́ǹṣì yẹn ń kà, kì í ka ọ̀sẹ̀! Bó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jókòó sílé, owó rẹ̀ ò ní mira, 15 yẹn á sì jókòó dè é. Ó padà dé, ó kó 120: 523,000. Ó tún kó 120: 499,000. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù bíi tàtẹ̀yìnwá, owó rẹ̀ ń já, nítorí 15 ò tíì dìde.

Báyìí, 15 ló kàn. ÌSÌNYÍ NI KÍ Ẹ RÀ Á. Kì í ṣe lọ́jọ́ tó padà dé. Kì í ṣe lẹ́yìn tí owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀sẹ̀ tí eré burúkú yẹn fẹ́ dìde. Ó kó 120 mìíràn, 15 wọlé lọ gẹ irun, owó rẹ̀ di 524,000, lẹ́yìn náà 543,000, ó ń padà lọ sílé rẹ̀. Ẹni 600,000 lẹ rà ní 499,000. Dọ́là 101,000 tí ẹ fi pamọ́ yẹn lè ra ọmọ tuntun kan lódindi. Mo tún un sọ: Ẹ WO ẸNI TÓ FẸ́ DÌDE.

Àwọn ọmọ tuntun ńkọ́, àwọn rookie? Ẹ sáré bá mi. Iye tó kéré jù tí wọ́n ń tà wọ́n máa ń sún mọ́ 100,000. Owó yẹn ń sọ pé, "Ẹni 20 ni mí." Títí ọmọ náà fi máa gbá eré mẹ́ta, owó rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ó gbá a: 60, 70, 50. Owó rẹ̀ di 150,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣírò breakeven rẹ̀: 150,000 sí ọ̀nà 5,000 jẹ́ 30, lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 90, yọ 70 àti 50 kúrò. Ó bọ́ sábẹ́ òdo, ó di −30. Àwọn kan máa ń rí àmì yẹn, wọ́n á ní ọmọ náà ń ṣe burúkú. Rárá o! Ó túmọ̀ sí pé bó bá kó òdo gan-an, owó rẹ̀ ṣì máa gòkè. Ọmọ tó kó 40, tí owó rẹ̀ lọ sókè, tí ẹ ń pè ní ojúsàájú, òun nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má fi í sọ́wọ́ títí láé. Ẹni 60 ni, ilé rẹ̀ wà ní 300,000, ìdá mẹ́rin ìyókù ọ̀nà ló ń rìn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ 50,000. Èkejì nǹkan bíi 37,500. Ẹ̀kẹta nǹkan bíi 28,000. Ẹ rí i bí ìṣísẹ̀ ṣe ń kúrú? Nígbà tí breakeven rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ iye tó ń kó gan-an, ó ti rin ìrìn tó fẹ́ rìn. Ẹ tà á, ẹ fi owó náà ra àgbà. Àwọn tó ń dúró kí ọmọ náà kó 90 lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó tà á, ẹ̀yin lẹ máa ń ráhùn ní oṣù June.

Nǹkan kan ṣì kù tí páálí yìí ò lè fi hàn yín. Ìṣirò mọ ohun tí ẹnì kan kó, kò mọ ìdí tó fi kó o. Nínú SuperCoach, wọ́n máa ń to póìntì gbogbo àwọn tó gbá eré kan kó lè jẹ́ 3,300 lápapọ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń bù nínú rẹ̀. Tí ọ̀gá àárín pápá bá farapa, ẹlòmíràn á gba ṣíbí rẹ̀, póìntì ẹni yẹn á gòkè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin á ní ó ti gbóná. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá padà, ó gba ṣíbí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba bẹ́ǹṣì gbọ́, ẹ béèrè ibi tó ń dúró sí. Ṣé àárín pápá ló wà, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́yìn gbogbo góòlù, àbí etí pápá? Nick Daicos ti ẹgbẹ́ Collingwood, ẹ̀yìn ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní 2022, ọdún tó gba Rising Star, àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, kí wọ́n tó sún un wá sí àárín. Irú ìyẹn kì í ṣe ìgbóná ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ rẹ̀ ló yí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yí, ẹ lè rà á lówó gíga, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹni tó kàn ń di ipò mú fún ẹni tó farapa, ẹ má fowó ńlá lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Àròpín ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ń fowó lé kálukú, wọ́n sì máa ń dín owó ẹni tí ìfarapa ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kù. Ní 2018, Tom Mitchell ti ẹgbẹ́ Hawthorn fẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù jáde nígbà 54 nínú eré kan ṣoṣo, òun náà ló gba Brownlow, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú AFL, lọ́dún yẹn. January 2019, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní sáà yẹn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń padà bọ̀, ẹ wò ó bóyá owó tí wọ́n fi lé e ti gbàgbé ohun tó lè ṣe.

Ó dáa. Mo ń kọ iṣẹ́ yín sí ìsàlẹ̀ páálí yìí, ẹ dá fídíò dúró kí ẹ ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹgbẹ́ yín lálẹ́ òní. Owó rẹ̀: 450,000. Bẹ́ǹṣì rẹ̀, láti orí ẹni tó pẹ́ jù: 60, 95, 100. Èló ni breakeven rẹ̀? Ta ló fẹ́ dìde? Ṣé ẹ máa rà á lọ́sẹ̀ yìí, àbí ẹ máa dúró? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, màá ka gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́.