Ẹ̀fọ́ Kì Í Ṣe Ìyà: Bí Eré Ọmọdé Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ ní Oúnjẹ Aṣaralóore

(Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn òbí kan sọ níbi ìpàdé wọn. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan láti bá àwọn ọmọ kíláàsì kejì sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Mo ya àwòrán sórí páálí ńlá: ẹ̀fọ́ lápá kan, ẹ̀wà lápá kan, iṣu lápá kan. Mo sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní kí wọ́n máa wí i tẹ̀lé mi pé ẹ̀fọ́ ń fún wa lẹ́jẹ̀, ẹ̀wà ń mú wa dàgbà. Wọ́n wí i, ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè mi, mo fún un ní bisikíìtì kan. Nígbà tí mo ń kó ẹrù mi, ọmọkùnrin kékeré kan wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, kí ẹ lè fún wa ní bisikíìtì?"

Ọmọ yẹn ò yájú sí mi o. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ gan-an ló kà padà fún mi: ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́, bisikíìtì ni owó iṣẹ́.

Kí n tó mọ èyí ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Leann Birch, ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ bí ọmọdé ṣe ń jẹun ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣèwádìí lé lórí. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní wàrà kíkan kan tí wọ́n ń pè ní kefir. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn kan bí wọ́n bá mu ún, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù mu ún láìsí ìlérí. Nígbà tó yá, àwọn tó gba ẹ̀bùn ni kefir ò wù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 2006, òun àti àwọn mìíràn tún gbé ọbẹ̀ síwájú àwọn ọmọ, wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò pọ́n wọn lójú ni wọ́n jẹ púpọ̀ jù, ìgbà tí wọ́n ń pọ́n wọn lójú ni ìráhùn sì pọ̀.

Ẹ̀bùn ò ràn án, ipá ò ràn án. Kí ló wá kù? Ohun tó kù ni pé kí ọmọ àti oúnjẹ máa pàdé ara wọn, léraléra, láìjà. Láti bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, ẹ̀rù oúnjẹ tuntun máa ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sì túmọ̀ sí pé ẹnìkan bà wọ́n jẹ́. Ohun tí àwọn olùwádìí rí ni pé ó lè tó ìgbà 8 sí 15 tí oúnjẹ kan yóò dé iwájú ọmọ kó tó gbà á. Àwa ńkọ́? Lẹ́ẹ̀kẹta tí ọmọ bá ti tu ewédú sílẹ̀, ìyá á sọ fún gbogbo àdúgbò pé, "Tèmi ò kì í jẹ ewédú o." Ọmọ náà á gbọ́, á sì gbà pé bí òun ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ibí yìí ni eré ti wúlò fún wa. Nínú eré ìdajì wákàtí, ọmọ lè di ewé tẹ̀tẹ̀ mú lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fi bá ẹnìkejì jà, kó sáré pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé, "Jẹ ẹ́." Gbogbo ìyẹn lè jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ́ ewé náà kó tó kan pé kó tọ́ ọ wò. Ara rẹ̀ á sì mì pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó mú kí èémí yára fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta oríṣiríṣi eré, kí ọgọ́ta ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ irú èyí tó mú kí èémí yára. Ẹ wá wo ọmọ tiwa: ó jókòó ní kíláàsì títí di aago méjì, ó tún jókòó ní lẹ́sìnnì títí di aago márùn-ún, ó délé, ó jókòó ti fóònù. Ẹ̀yin olówó lẹ́sìnnì, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ rántí eré òṣùpá yẹn, tí olórí eré á máa dárúkọ nǹkan, tí àwa yòókù á máa dáhùn pé, "Lẹ́jẹ̀!" Ewúrẹ́? Lẹ́jẹ̀! Àgùntàn? Lẹ́jẹ̀! Òkúta? Ẹni tó bá ṣi ẹnu sọ pé "lẹ́jẹ̀", ó ti kú nìyẹn. Eré yìí ni mo yí padà. Mo pè é ní "Níbo ló ti wá?" Bí mo bá dárúkọ ohun tó ń ti inú ilẹ̀ wá, iṣu, gbágùúdá, ànàmọ́, kárọ́ọ̀tì, gbogbo ọmọ á lóṣòó. Bí ó bá jẹ́ orí igi, ọsàn, máńgòrò, àgbálùmọ̀, ìyeyè, wọ́n á fò sókè bí ẹni fẹ́ ká a. Bí ó bá jẹ́ ewé, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, wọ́n á na apá, wọ́n á máa mi ìka bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹyin, wọ́n á ju apá bí adìyẹ. N ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, n ó máa yára sí i, títí òógùn á fi bo gbogbo wa.

Ọjọ́ kan, láàárín eré, mo ṣàdéédéé pe, "Indomie?" Gbogbo wọn dúró gbagidi. Ẹnìkan fẹ́ lóṣòó, kò lóṣòó mọ́. Ẹnìkan gbé ọwọ́ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá kígbe látẹ̀yìn pé, "Sọ́ọ̀bù!" A rẹ́rìn-ín títí. Mo wá sọ fún wọn pé láti inú àlìkámà ni wọ́n ti ṣe é, pé òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá, pé wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó, wọ́n dín in kó tó dé inú ọ̀rá. N kò bú Indomie o. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn rí i fúnra wọn pé oúnjẹ kan wà tí ọwọ́ wọn lè tọ́ka sí orírun rẹ̀, òmíràn sì wà tí kò ṣeé tọ́ka sí.

Èkejì ni eré ọjà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ to ọmọ sí ìlà méjì. Ẹ gbé agbọ̀n kan síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ ogún síbẹ̀, ẹ tẹ́ àtẹ ńlá kan: tẹ̀tẹ̀, ewúro, tàtàṣé, àlùbọ́sà, irú, ẹja gbígbẹ, epo pupa nínú ìgò kékeré. Ẹ fi ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ọ̀rá súwíìtì sí i, kí wọ́n lè dàrú díẹ̀. Ata rodo náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ so ó pinpin. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Olùkọ́ á wá pe ọbẹ̀: "Ẹ bá mi ra ẹ̀fọ́ rírò!" Ọmọ kan láti ìlà kọ̀ọ̀kan á sáré lọ, á mú ẹyọ nǹkan kan, á sáré bọ̀, èkejì á gbéra. Ìlà tó bá kọ́kọ́ pé ọbẹ̀ ló jẹ.

Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ò mọ ìyàtọ̀ láàárín tẹ̀tẹ̀ àti ewúro. Níbi tí a ti ń ṣe é lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan mú ewúro wá dípò tẹ̀tẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo lé e lórí pé kì í ṣe èyí. Ó ní òun ni. Wọ́n ní òun kọ́. Ni òun bá bù ú jẹ láti fi jiyàn! Ojú rẹ̀ kákò bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi lára rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, gbogbo kíláàsì ti fẹ́ tọ́ ewúro wò. Wọ́n ń jà sí i. Bí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ ewúro tútù, wọn ò ní gbà. (A ti fọ ewé náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọ ọwọ́.)

Ẹni tó bá borí ńkọ́, kí la ó fún un? Ẹ má fún un ní bisikíìtì, ẹ má sì fún un ní ọsàn. Bí ọsàn bá ti di ẹ̀bùn, ẹ̀fọ́ tún ti di iṣẹ́ nìyẹn, bíi ti kefir. Ẹni tó borí ni yóò pe ọbẹ̀ tó kàn. Yóò yà yín lẹ́nu bí ọmọ ṣe fẹ́ràn kó máa pàṣẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, iyanrìn ni mo fi ń kọ́ ọ. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100. Ìgò 50cl á jẹ́ bíi gíráàmù 50, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 12. Ẹ fún ọmọ ní ṣíbí tíì, kó bu iyanrìn, kó gbé e sáré láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì, kó dà á sínú ike òfìfo. Bó bá dà á nù lọ́nà, á padà. Lọ bọ̀ méjìlá. Nígbà tí wọ́n bá gbé ike yẹn sókè, ẹ má sọ ohunkóhun. Ìjọba fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú Òfin Ìnáwó 2021, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló mọ̀? Ẹsẹ̀ tó sáré lẹ́ẹ̀méjìlá ló mọ̀.

Súwé náà ṣeé lò, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya oúnjẹ sínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ máa dárúkọ wọn bó ṣe ń fò. Kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èso ápù àti èso àjàrà ló kún ara ògiri kíláàsì wa? Mo bi ọmọ kan léèrè pé èso wo ló fẹ́ràn jù, ó ní ápù. Mo ní ìgbà wo ló jẹ ẹ́ kẹ́yìn? Kò tíì jẹ ẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ igi máńgòrò wà lẹ́yìn kíláàsì wọn! Ẹ fi ohun tó wà lásìkò ṣeré: àgbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́, kajú àti máńgòrò tẹ̀lé e, àgbàdo nígbà òjò. Owó rẹ̀ á sì mọ níwọ̀n. Níbi tí wọ́n bá ti ń fún ọmọ lóúnjẹ nílé ẹ̀kọ́, bí Ọ̀ṣun ṣe bẹ̀rẹ̀ O-Meals ní 2012, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2016 fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, ẹ jẹ́ kí eré àárọ̀ bá abọ́ ọ̀sán mu. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà ni wọ́n ń sè, kí wọ́n ti sáré ra ẹ̀wà lọ́jà eré kó tó jinná.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tó wà níbí, mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún yín pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àwọn tó sọ ọ́ ń wá bí ọmọ ò ṣe ní máa ṣojúkòkòrò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí eegun rẹ̀ ń dàgbà nílò ẹyin yẹn ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí ẹyin bá wọ́n, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sáré pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má fún un ní ẹ̀pà oníhóró, ó lè há a lọ́fun. Ẹ bi òbí léèrè nípa ohun tí kò bá ọmọ lára mu. Ẹ má sì pe ọmọ kankan ní "sísanra" tàbí "pànlà" nídìí eré. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní jáde síta mọ́.

Ìyá kan béèrè pé bí òun bá ṣe gbogbo èyí tí ọmọ náà ṣì tu ewédú sílẹ̀ ńkọ́? Mo bi í pé ìgbà mélòó ni? Ó ní ìgbà mẹ́rin. Mo ní ó ku mẹ́rin, ó kéré tán, kí ó máa gbé ìwọ̀n ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tí ọmọ fẹ́ràn, kí òun fúnra rẹ̀ máa jẹ tirẹ̀ lójú ọmọ, kó má sì sọ fún àdúgbò mọ́.

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ lè fi ọwọ́ nìkan ṣe é. Iṣu? Gbogbo gbọ̀ngàn lóṣòó. Àgbálùmọ̀? Wọ́n fò, àga kan ṣubú. Ewédú? Ìka ń mì. Ẹ̀pà?

Ìdajì lóṣòó, ìdajì na apá. Bàbá olùkọ́ kan ní inú ilẹ̀ la ti ń wú u. Ìyá kan ní òun ti gbin ẹ̀pà rí, òkè ló ti ń yọ òdòdó, kí ó tó na ọ̀já sínú ilẹ̀ lọ sọ ọmọ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń jiyàn, ẹnìkan sì ti rán ọmọ lọ ra ẹ̀pà tútù, eléwé, wá.